Ransome-Kuti: Tíṣà tó kó àwọn tíṣà jọ

Bí a bá dárúkọ Ransome-Kuti, Fẹlá olórin ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà bá kàn, bàbá Fẹlá ló yẹ kó mọ̀.

Ọdún 1891 ni wọ́n bí Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti sí Abẹ́òkúta. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé gboyè ní Fourah Bay, ní Sierra Leone, ó sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún 1925 ló fẹ́ Fúnmiláyọ̀. Ní 1932, ó di ọ̀gá Abeokuta Grammar School, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1954. Dáódù ni wọ́n ń pè é.

Láyé ìgbà náà, ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ iléèwé, owó tíṣà wọn kò sì tó ti àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba. Bí ìyà bá jẹ tíṣà kan, òun nìkan ló máa lọ bẹ ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kuti mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti kọ́kọ́ kó àwọn tíṣà jọ. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ NUT sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù keje ọdún 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀ títí di 1954, ó ń jà kí wọ́n má fi tíṣà ìjọ sẹ́yìn nínú owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì.

Ó kú ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, ọdún 1955, lẹ́ni ọdún 63. Olíkóyè ọmọ rẹ̀ di dókítà, ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti 1985 sí 1992.

Lónìí, ní Sanguéra lójú ọ̀nà Lomé sí Kpalimé, tíṣà ìjọba ń dá owó adójútòfò ìlera. Òfin ọdún 2011 ló gbé e kalẹ̀: INAM ń gbà lára owó oṣù, ìjọba náà ń san tirẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Togo ti ń fẹ ètò náà dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í san gbogbo owó, kì í sì í ṣe gbogbo oògùn ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí wọ́n sì dá padà lẹ́nu fèrèsé oògùn, kó tọ́jú ìwé rẹ̀, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ohun tí Dáódù fi ọdún 23 kọ́ àwọn tíṣà nìyẹn: ẹ má ṣe dá lọ.