Sayyidina Umar àti Ọdún Eérú

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ń pèsè fún ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo Sàhábà rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àti ẹ̀yin òbí wọn, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ẹni tó bá ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro kò gbára lé Ọlọ́hun tó. Nítorí náà ni a ṣe yan ìtàn Sayyidina Umar ọmọ Al-Khattab, kí a lè rí bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ ṣe múra de ìyàn.

Ìdílé Banu Adi nínú ẹ̀yà Kuraeṣi ní Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Ó da ràkúnmí bàbá rẹ̀ nígbà èwe. Nígbà tó dàgbà, ó ṣòwò, ó sì wà lára ìwọ̀nba ènìyàn tó mọ̀ ọ́n kọ tó sì mọ̀ ọ́n kà ní Mẹ́kà. Ó mọ aginjù, ó sì mọ ìlú. Ó kọ́kọ́ bá Ìsìláàmù ṣọ̀tá, kí Ọlọ́hun tó ṣí ọkàn rẹ̀ payá. Ó ṣí lọ sí Mẹ́dínà ní ọdún 622, ó sì di kálífà lẹ́yìn Abubakar ní ọdún 13 hijira, èyí tí í ṣe 634.

Ní ọdún 18 hijira (639), òjò kọ̀, kò rọ̀ ní ilẹ̀ Hijaz. Ilẹ̀ gbẹ, ẹ̀fúùfù sì ń gbé erùpẹ̀ bí eérú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọdún Eérú. Ẹran ọ̀sìn kú, àwọn ará aginjù sì ń wọ́ tọmọtọmọ lọ sí Mẹ́dínà. Sayyidina Umar ń fún wọn ní ohun tó wà nínú ilé ìṣúra títí ó fi tán.

Kí ló wá ṣe? Ó kọ̀wé sí àwọn aṣojú rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ọkà wà. Abu Ubayda mú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ràkúnmí tó ru oúnjẹ wá láti Ṣáámù. Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tó ń bọ̀ ni ó jẹ́ kó wọ ìlú. Ó rán ènìyàn lọ pàdé àwọn kan lọ́nà, kí wọ́n yà sí aginjù lọ́dọ̀ àwọn tí kò lè rìn wá. Ó fi àwọn alábòójútó sí ẹ̀gbẹ́ ìlú, wọn a sì máa jábọ̀ fún un ní alaalẹ́. Ó ní kí wọ́n ka ènìyàn. Àwọn òpìtàn sọ pé ẹgbẹ̀rún méje ni wọ́n bá nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn aláìsàn, obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá jẹ́ 40,000.

Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ ẹran tàbí ọ̀rá wàrà títí ìyàn fi kásẹ̀ nílẹ̀. Òróró ló ń jẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Ó ń gbé àpò oúnjẹ sẹ́yìn ara rẹ̀. Nígbà tó rí obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rò, ó kọ́ ọ pé kí omi hó kó tó da ìyẹ̀fun sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ro àmàlà. Ó dá gbígba sàká dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì gé ọwọ́ ẹni tí ebi sún jalè. Lẹ́yìn gbogbo ètò yìí, ó kó àwọn ènìyàn jáde lọ tọrọ òjò, Al-Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Òjò rọ̀. Ó wá fún àwọn ará aginjù ní oúnjẹ àti ohun tí wọ́n máa gùn padà sílé.

Ìyàn lọ, ṣùgbọ́n Sayyidina Umar kò gbàgbé. Ó ní ilé ìyẹ̀fun kan ní Mẹ́dínà, níbi tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun, dàbínù àti èso àjàrà gbígbẹ sí fún àlejò àti ẹni tí ọ̀nà há mọ́. Ó ṣètò irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ sí ojú ọ̀nà Mẹ́kà sí Mẹ́dínà. Ó pàṣẹ fún Amr ọmọ Al-As ní Íjíbítì pé kí ó tún ipa odò àtijọ́ kan gbẹ́ láti odò Náìlì dé Òkun Pupa, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ọkà wá sí èbúté Al-Jar. Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ̀ fún àwọn oníṣòwò láti kó ọjà pamọ́ kí ó lè wọ́n.

Ní òpin ọdún 23 hijira (644), wọ́n gún un lọ́bẹ nígbà tó ń ṣíwájú ìrun àsùbáà, ó sì fi ayé sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ará oko má ta gbogbo ọkà inú àká nígbà ìkórè. Kí ará ìlú ní gàrí àti ẹ̀wà tí kò ní tètè tán, kí ó sì rántí pé oko ló ń bọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n kí a mọ ìyàtọ̀: ẹni tó tọ́jú oúnjẹ de ìyàn tó sì bu fún aládùúgbò, Umar ni ó tọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó kó o pamọ́ kí owó rẹ̀ lè ga, ọ̀tá ìlú ni. Ìtọ́jú kò ba ìgbáralé jẹ́, ara rẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́hun yọ́nú sí Sayyidina Umar, kí Ó má fi ìyàn dán wa wò. Àmín.