KÒFOWÓRỌLÁ PRATT, NỌ́Ọ̀SÌ TÍ Ó SO ÌWÉ PỌ̀ MỌ́ IṢẸ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nígbà tí a bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, ta ni ó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́jú? Dókítà a wá, a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì lọ bá ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ni ó ń dúró. Òun ni ó ń wẹ egbò, tí ó ń fún aláìsàn ní oògùn. Òun ni ó ń tètè mọ̀ bí ara rẹ̀ bá yí padà lóru. Síbẹ̀, àwọn kan rò pé iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ìwé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn obìnrin kan tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwa ará Djègan-Kpèvi mọ ọ̀nà Èkó dáadáa. Èkó ni a ti bí Kòfowórọlá Àbẹ̀ní ní ọdún 1915. Láti kékeré ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wù ú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Èkó. Ní ọdún 1941, ó fẹ́ ọ̀gbẹ́ni Pratt, apòògùn.

Ohun tí ó wù ú kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1946, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ti lọ́kọ, ó sì ti jẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀. Ó tún jókòó sí kíláàsì bí akẹ́kọ̀ọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti jókòó lónìí.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ wà nínú ilé ìwòsàn St Thomas'. Florence Nightingale ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1860. Níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ni nínú ìwé, wọ́n sì ń kọ́ni lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Kò rọrùn fún un. Aláìsàn kan tilẹ̀ kọ̀ kí ó tọ́jú òun nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Kò torí èyí padà sílé. Ó yege, ó sì tún kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí.

Ní ọdún 1954, ó padà sí Nàìjíríà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ni ó wà ní ipò gíga. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gòkè. Ní ọdún 1964, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì níbẹ̀.

Kò fẹ́ kí ọ̀nà náà pa dé lẹ́yìn òun. Ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965. Ní ọdún 1973, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí a fi orúkọ Florence Nightingale pè. Ó tún jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó kú ní ọdún 1992.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àkàbà náà tún gùn sí i. Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oyè dókítà kan tí ó dá lórí iṣẹ́ ìtọ́jú gan-an. Ẹni tí ó gba oyè yìí kì í ṣe dókítà tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń kọ́ bí a ti ń mú ohun tí ìwádìí fi hàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn: kí egbò má bàa kẹ̀, kí a má bàa ṣi oògùn fúnni.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìwé láìsí iṣẹ́ kò wo aláìsàn sàn. Iṣẹ́ láìsí ìwé lè pa á lára. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe sọ fún un pé ìwé tí ó kà ti tó.

Ìbéèrè
1. Kí ni Kòfowórọlá ń ṣe kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?
2. Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí ó lọ?
3. Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì kàwé jìnnà?