William Fairbairn: Ẹni Tó Dán Iṣẹ́ Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Wò

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹnjiníà kan wà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe òwe yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá rí. William Fairbairn lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ń wá ni bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé irin máa jákulẹ̀ kó tó jákulẹ̀.

Ìlú Kelso ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1789. Òṣìṣẹ́ oko ni bàbá rẹ̀. Ní 1804, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Percy Main, nítòsí Newcastle, ọdún méje ló sì lò níbẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí ṣe tímútébù fún ara rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ìṣirò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìtàn. Ọjọ́rú, ìwé ìtàn àròsọ láti fi gbádùn ara. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, matimátíìkì. Lẹ́yìn iṣẹ́ àṣelàágùn ni o! Àdúgbò yẹn náà ni òun àti George Stephenson, tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí ọkọ̀ ojú irin, ti dọ̀rẹ́. Fairbairn a máa bá a dúró ti ẹ́ńjìnnì fún wákàtí díẹ̀, kí Stephenson lè lọ fi iṣẹ́ mìíràn wá owó kún owó.

Ó dé Manchester ní 1813. Ní 1817, òun àti James Lillie dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé kótópó kan tí wọ́n háyà. Láti ibẹ̀ ló ti dẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn ilé ìhunṣọ, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi onírin, tó sì dán irin wò fún afárá Britannia ní Wales, èyí tí wọ́n ṣí ní 1850.

Ṣùgbọ́n bọ́ílà ni ọ̀rọ̀ wa. Ooru omi ló ń yí ẹ̀rọ nígbà náà. Ní 1844, Fairbairn àti John Hetherington gba ẹ̀tọ́ onídàásílẹ̀ lórí bọ́ílà kan: àgbá irin gbọọrọ tó kún fún omi, tí páìpù ńlá méjì gba inú rẹ̀ kọjá. Inú páìpù yẹn ni iná èédú ti ń jó, omi àti ooru rẹ̀ sì ń tì í láti ìta. Bí páìpù kò bá gbà á mọ́, á rún wọnú, bọ́ílà á bú gbàmù, omi gbígbóná àti àfọ́kù irin á sì pa àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nítòsí. Ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn mìíràn ní afẹ́fẹ́ àràmàǹdà kan ló ń gbárajọ sínú bọ́ílà. Fairbairn kò gbà. Ní 1854, òun àti àwọn kan ní Manchester dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń rán èèyàn lọ yẹ bọ́ílà wò kó tó bú.

Ohun tí àwọn ẹnjiníà gbà láyé ìgbà náà ni pé bí páìpù ṣe gùn tó kò kan bó ṣe lágbára tó. Páìpù inú bọ́ílà Fairbairn fúnra rẹ̀ sì gùn gan-an. Tí ìgbàgbọ́ yìí bá jẹ́ irọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lewu. Síbẹ̀, ó dán an wò. Ó ki páìpù sínú àgbá irin líle, ó ń fún omi sí i lára títí páìpù fi rún. Ó ń yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, bí àwa náà ṣe ń to ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ síwájú ara wọn kí ohùn nìkan lè yàtọ̀.

Ní 1858 ni èsì jáde. Bí gígùn páìpù bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á dín sí ìdajì. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, bákan náà ni. Ti nínípọn ló le jù: bí irin bá fẹ́lẹ́ dé ìdajì, agbára tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro: kí wọ́n fi òrùka irin líle de páìpù ní oríkèé-oríkèé, kí èyí tó gùn lè máa ṣe bí kúkúrú mélòó kan tí a so pọ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e ṣàtúnṣe sí ìṣirò náà, torí bí páìpù bá ti gùn kọjá ìwọ̀n kan, àfikún gígùn kò tún dín agbára rẹ̀ kù mọ́.

Ìbéèrè rẹ̀ kò tíì kú. Nínú bọ́ílà tó ń fi èédú ṣe mànàmáná lónìí, inú páìpù ni omi wà, iná ló wà níta. Eérú lẹ́búlẹ́bú tó ń bá èéfín fò ń yún páìpù náà títí á fi fẹ́lẹ́, tí á sì bẹ́. Bí èéfín bá yára ní ìlọ́po méjì, yíyún náà á ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn sí, tí wọ́n sì ń ṣírò ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fairbairn kò ṣiṣẹ́ lórí eérú, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Wọ́n fi oyè knight lọ̀ ọ́ ní 1861, ó kọ̀ ọ́. Ó gba oyè baronet ní 1869. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1874 ló kú, lẹ́ni ọdún 85.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, àbá kan wà nínú tèmi tí mo ti ń sá fún láti dán wò, torí bó bá wó, orí méjì ló máa bá a lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, mo ti lọ ń gba ohùn àwọn tó máa jẹ́ kí n mọ̀.