Lámbò, dókítà tó ní aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá sí Àrò

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, bí wọ́n bá ti ní wọ́n gbé ọmọ lágbájá lọ sí Àrò, ńṣe ni ohùn gbogbo èèyàn máa ń lọ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, wèrè ni wọ́n ń gbé gba ọ̀nà Ṣíún àti Kòbàpé lọ sí Abẹ́òkúta. Lóde òní, àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń gbé lọ tí kì í ṣe wèrè. Oògùn olóró ló ti di bárakú fún wọn: igbó, kókéènì, àti heroin, tí àwọn ọmọ ìta ń pè ní gbana. Kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ Àrò, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ Àrò di Àrò ti ń di ẹni ìgbàgbé.

Thomas Adéoyè Lámbò lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Ó lọ sí Baptist Boys' High School nílùú náà, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba díẹ̀, ó tún gba London lọ láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Maudsley. Ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nígbà náà.

Lọ́dún 1954 tí wọ́n fi í ṣe olórí Àrò, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Ibi tó wà l'Abẹ́òkúta ni Lantoro, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan tí ìjọba sọ di ibi ìtọ́jú lọ́dún 1944 nítorí àwọn sójà tí orí wọn dàrú nígbà ogun Hitler. Dókítà mìíràn ìbá káwọ́ gbera kó máa wo ojú bíríkìlà. Lámbò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Abúlé mẹ́rin tó yí Àrò ká ló lọ, ó bá àwọn àgbààgbà àti àwọn onílé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Ẹ má gbàgbé pé àwọn tí gbogbo ayé ń sá fún ló ní kí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n kò lọ lọ́wọ́ òfo: ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó láti fi kún ilé wọn, omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì gbógun ti ẹ̀fọn.

Àdéhùn kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà láràárọ̀. Bí wọ́n bá gba ìtọ́jú tán, wọ́n á padà sí abúlé. Ẹni tó lè roko á roko, wọ́n á bá ará abúlé jó, wọ́n á bá wọn ṣọdún. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Inú àwọn òyìnbó kan ò dùn sí èyí, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà kọ́kọ́ wáyé lọ́dún 1961, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é.

Igbó ni ìṣòro oògùn tó wà nílẹ̀ láyé ìgbà náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn sójà tó ti Íńdíà àti Bọ́mà bọ̀ ló mú un wọ̀lú. Dókítà Tolani Asuni, tó gba ipò lọ́wọ́ Lámbò ní Àrò, kọ̀wé lórí àwọn tó ń fa igbó lọ́dún 1964. Lọ́dún 1965, Lámbò náà kọ tirẹ̀ nípa bárakú oògùn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì kà á sí ọ̀rọ̀ ìlera àti ti àwùjọ. Ìjọba ológun kò gba ibẹ̀ lọ. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1966 ní ẹni tó bá gbin igbó lè kú. Nígbà tí heroin àti kókéènì dé níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i, òfin mìíràn tún jáde lọ́dún 1984, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1985 wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó nítorí oògùn olóró. Lọ́dún 1986 ni wọ́n yọ ikú kúrò nínú òfin náà. Ní tèmi o, n kò rí ọmọ kan tí ìbọn yẹn gbà lọ́wọ́ gbana.

Lámbò kò sí ní Àrò mọ́ ní gbogbo àsìkò yìí. Ó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 dé 1971, lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí àjọ ìlera àgbáyé ní Geneva, níbi tó ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà láti 1973 dé 1988. Kì í ṣe òun ló tọ́jú àwọn tó ń fa heroin nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí heroin ṣe ń ṣe èèyàn, ká lè mọ ìdí tí àdéhùn abúlé yẹn fi wúlò.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fà á, ara á tù ú, ìrora á lọ. Tó bá yá, ìwọ̀n àná kò ní tó o mọ́. Tó bá tún yá, kò ní máa fà á torí ìgbádùn mọ́, kí ara má baà ro ó ló ń fà á fún. Bí kò bá rí i fún ọjọ́ kan péré, omi á máa dà lójú àti nímú rẹ̀, á máa yán, egungun á máa ro ó, á máa ṣunú, oorun á sì dá. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù. Tó bá fi máa tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń rọlẹ̀. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gún un tún lè kó kòkòrò éèdì tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ lára abẹ́rẹ́ ẹlòmíì.

Ọ̀sẹ̀ kan yìí ló ń tan òbí jẹ. Wọ́n á rí i pé ọmọ ti ń jẹun, wọ́n á ní ó ti bọ́, wọ́n á mú un padà sí àdúgbò tó ti kọ́ ọ. Òùngbẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Èyí tó tún léwu jù ni pé ara ti gbàgbé ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fa iye tó ń fà nígbà náà, heroin á dá èémí rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ló kú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nílé ìwòsàn tàbí lẹ́wọ̀n. Bí ẹ bá rí ẹni tó sùn tí kò ṣeé jí, tí mímí rẹ̀ ń jìnnà síra, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu o. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù.

Ní abúlé Lámbò, aláìsàn kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò láàárín ẹbí rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń jà láti bọ́ lọ́wọ́ heroin nílò gan-an nìyẹn, ilé wa kì í sì í fún un ní méjèèjì. Àwọn kan á lé ọmọ jáde, kò ní ku ẹnikẹ́ni fún un àfi àwọn tí wọ́n jọ ń fà á. Àwọn kan á so ó mọ́lẹ̀ nínú iyàrá, ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ ọ̀nà. Kì í kúkú ṣe pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ ọmọ. Ìyá tó ń ta obì ní Sábó Ṣàgámù, ta ni yóò bá a jókòó ti ọjà bí ó bá lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ fún oṣù mẹ́ta? Lámbò gan-an rí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láyé tirẹ̀ torí pé ẹbí pọ̀ nílé, wọ́n sì lè fi ara wọn rọ́pò ara wọn.

Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, ó ku ọjọ́ 16 kó pé ẹni ọdún 81. Ètò abúlé náà kò rí bó ṣe rí láyé rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Àrò ní ẹ̀ka kan lónìí tó jẹ́ ti àwọn tí oògùn olóró di bárakú fún, àwọn ará Rẹ́mọ sì lè mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀.