Omidan Sarah Glover, Olùkọ́ Orin Àwọn Ọmọdé

Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìjọ wa fi ń kọrin sí Ọlọ́run, díẹ̀ ni ìwé orin tí ó kọjá lọ́wọ́ àwọn akọrin wa tí kò ní lẹ́tà sol-fa nínú. Àwọn olùkọ́ orin mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kọ́ ọmọdé. Ó yẹ kí ìjọ pẹ̀lú mọ̀ ọ́n.

Ìlú Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí Sarah Anna Glover sí ní ọdún 1786. Àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀, ní ìjọ St. Laurence ní ìlú náà. Nígbà náà, ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ẹnu ìwọ̀nba ènìyàn ni orin Sáàmù wà. Àwọn ìyókù a sì dákẹ́, bí ẹni pé ìyìn Ọlọ́run kì í ṣe iṣẹ́ ti wọn. Omidan Glover rí i pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni àtúnṣe yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ tí kò tíì mọ̀wé dáradára yóò ṣe lóye ìlà márùn-ún àti àwọn àmì tí ó wà lórí wọn?

Ó mú orúkọ àwọn ohùn méje tí a ti ń lò láti ayé àtijọ́, ó sì kọ wọ́n bí etí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbọ́ wọn. Ó ṣàkíyèsí pé lẹ́tà kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sol àti si; nítorí náà ó sọ si di te, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè dúró fún ohùn kan ṣoṣo. Ó to gbogbo wọn lé ara wọn bí àkàbà. Ibi tí olùkọ́ bá tọ́ka sí, ohùn rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò kọ. Bí a gbé orin sókè, bí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, doh ni ilé rẹ̀. Bí ohùn kan ti jìnnà sí èkejì ni ọmọ ní láti mọ̀. Èyí kò ṣe àjèjì sí etí Yorùbá, nítorí do, re àti mi ni àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ wa ní ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè nínú èdè wa.

Ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde ní Norwich ní ọdún 1835. Ní ọdún 1841, ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìlú Hull rán John Curwen, òjíṣẹ́ ìjọ Congregational, pé kí ó wá ọ̀nà ìrọ̀rùn tí a lè gbà kọ́ni ní orin. Inú ìwé Omidan Glover ni ó ti rí i. Ó yí àwọn nǹkan kan padà nínú rẹ̀, ó sì lò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Àwa kò lè yìn ín fún èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba ibi tí ó ti rí i. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ dù ú: òun ni ó fi àwọn àmì ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ náà, akitiyan rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí àwọn míṣọ́nnárì gbé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà.

Omidan Glover kò lọ́kọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní Malvern, ní oṣù October ọdún 1867, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní ọdún 1869 ni Curwen dá kọ́lẹ́jì sol-fa sílẹ̀. Orúkọ Curwen sì ni ọ̀pọ̀ akọrin kọ́kọ́ ń gbọ́ títí di òní.