Valentina Serova, Obìnrin Tí Ó Kọ Orin Uriel Acosta

Bí a bá dárúkọ Serov fún ará Rọ́ṣíà kan tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, ẹni méjì ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Èkíní ni Alexander Serov, ẹni tí ń kọ orin fún eré orí ìtàgé, tí gbogbo àwọn olórin Petersburg sì ń bẹ̀rù nítorí ohun tí ó máa ń kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn. Èkejì ni Valentin Serov, ayàwòrán tí ó ya àwòrán ọmọdébìnrin kan tí ó jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú èso ní 1887, àwòrán tí àwọn ọmọ Rọ́ṣíà mọ̀ dáadáa títí di òní. Ẹni kan ṣoṣo ni ó ṣe aya èkíní tí ó sì bí èkejì. Valentina Serova ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún kò sì kéré.

Ìlú Moscow ni wọ́n ti bí i ní 1846. Bergman ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ẹ̀yà Júù ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, bàbá rẹ̀ sì ń tajà ní ìsọ̀. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà yá lórí dùùrù. Nígbà tí Anton Rubinstein dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin sílẹ̀ ní Petersburg ní 1862, Valentina rí owó ìrànwọ́ gbà láti kàwé níbẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi kúrò. Ní 1863, wọ́n ṣe eré olórin tí Alexander Serov kọ, Judith, fún ìgbà àkọ́kọ́, orin náà sì gba ọkàn Valentina pátápátá. Ó fi Rubinstein sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Serov. Ó yẹ kí á mọ̀ pé ọ̀tá ni àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí, Serov kò sì dẹ́kun láti máa fi ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì kò tún ní ojú à ń padà mọ́. Ní ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ ọdún 17 ni ìyàwó, ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 43.

Ọ̀rọ̀ orin ni ó pọ̀ jù nínú ilé wọn. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ìwé ìròyìn kan lórí orin àti eré ìtàgé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1867, tí kò sì pẹ́ láyé. Ní 1869 wọ́n jọ lọ kí Wagner ní ilé rẹ̀ ní Switzerland. Lójijì ni Alexander kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1871, láì tíì parí eré olórin rẹ̀ kẹta. Opó ọmọ ọdún 24 ni ó jókòó ti ìwé orin náà, tí òun àti Nikolai Solovyov sì jọ parí apá tí ó kẹ́yìn. Wọ́n ṣe eré náà ní Petersburg láàárín ọdún yẹn kan náà. Orúkọ ọkọ ni ó wà lára iṣẹ́ náà, bí ó sì ti yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó dé tí òun kò lè ṣe ti òun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Valentina fi ọmọ rẹ̀ kékeré sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń gbé pọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ oko ní ìgbèríko Smolensk, òun sì gba Munich lọ ní ilẹ̀ Jámánì, kí ó lè kọ́ iṣẹ́ orin sí i lọ́dọ̀ Hermann Levi. Ó rọrùn láti bú u. Èmi náà kọ́kọ́ fẹ́ bú u nígbà tí mo ka ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí ó bá ṣe pé bàbá ọmọ náà ni ó lọ sí Munich lọ kọ́ṣẹ́, ta ni ìbá béèrè ẹni tí ń tọ́ ọmọ lẹ́yìn rẹ̀? Lẹ́yìn náà ó mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Munich, ó rí olùkọ́ àwòrán fún un. Nígbà tí ó di 1874 ó mú un lọ sí Paris, ó fi í sí ọwọ́ Repin, àgbà ayàwòrán Rọ́ṣíà, pé kí ó kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ó mú un dé ilé ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Savva Mamontov ní Abramtsevo, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń péjọ. Ní ilé yìí ni wọ́n ti ya àwòrán ọmọdébìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ Mamontov sì ni ọmọ náà.

Ní 1885 ni iṣẹ́ tirẹ̀ jáde. Ilé Eré Bolshoi ní Moscow, tí í ṣe ti ọba, ni wọ́n ti ṣe Uriel Acosta. Inú eré kan tí Karl Gutzkow, ọmọ Jámánì, kọ ni ó ti mú ìtàn náà. Uriel gidi ti gbé ayé rí. Ìlú Porto ní ilẹ̀ Pọ́túgà ni wọ́n ti bí i sí ìdílé Júù tí wọ́n ti fi tipátipá sọ di Kristẹni. Ó sá lọ sí Amsterdam kí ó lè padà sínú ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀. Nígbà tí ó débẹ̀, ó rí i pé àwọn àṣà kan tí àwọn rábì ń pa láṣẹ kò sí nínú ìwé Mósè, kò sì pa ẹnu mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Nígbà tí ìdáwà sú u, ó gbà láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní gbangba. Wọ́n nà án ní ẹgba 39 nínú sínágọ́gù, wọ́n ní kí ó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìjọ sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ó yìnbọn pa ara rẹ̀ ní 1640.

Gutzkow fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kún un. Nínú eré náà, Uriel àti Judith, ọmọ oníṣòwò ńlá kan, fẹ́ràn ara wọn. Nítorí Judith yìí àti nítorí ìyá rẹ̀ ni Uriel ṣe gbà láti sẹ́ ohun tí ó gbàgbọ́. Nígbà tí ó fi máa sẹ́ ẹ tán, ìyá ti kú, Judith sì ti gbà láti fẹ́ ẹlòmíràn kí bàbá rẹ̀ má bàa wọ gbèsè. Judith gbé májèlé jẹ, Uriel sì tẹ̀ lé e. Ó sẹ́, kò sì rí ohun tí ó tìtorí rẹ̀ sẹ́ gbà.

Ọdún mẹ́rin péré ni ó wà láàárín eré yìí àti 1881, ọdún tí wọ́n pa ọba Alexander Kejì, tí àwọn jàǹdùkú sì dojú ìjà kọ àwọn Júù ní ìlú púpọ̀ ní gúúsù Rọ́ṣíà, tí wọ́n kó wọn lẹ́rù, tí wọ́n sì ba ilé wọn jẹ́. Ní 1882 ìjọba tún ṣe òfin tí ó há àwọn Júù mọ́ sí i. Irú àkókò yìí ni ọmọ Bergman gbé Júù kan wá sórí ìtàgé ọba, kì í ṣe ẹni tí wọn yóò máa fi rẹ́rìn-ín, bí kò ṣe ẹni tí ó ń ronú, tí ó sì ń jìyà. Akọni kan sì kọ́ ni ó mú wá. Ẹni tí ó ṣubú ni, tí ìjọ tirẹ̀ gan-an sì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìgboyà èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Eré náà kò rí àyè dúró nínú èyí tí àwọn ilé eré Rọ́ṣíà ń ṣe lóòrèkóòrè. Kò mú kí ó jókòó. Nígbà ìyàn ńlá ti 1891 sí 1892, ó lọ sí abúlé Sudosevo ní agbègbè Simbirsk, ó ń wá oúnjẹ fún àwọn ará oko, ó sì tún ń kọ́ wọn lórin. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ni ó kó jọ di ẹgbẹ́ akọrin, tí wọ́n sì ń kọ apá díẹ̀ nínú àwọn eré olórin ńláńlá. Àwọn kan lè rò pé eré lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ó gbà pé orin kì í ṣe ti àwọn tí ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì Bolshoi nìkan.

Ní 1899 ilé eré Mamontov ní Moscow ṣe òmíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀, Ilya Muromets, ìtàn akọni ọmọ àgbẹ̀ tí kò lè rìn títí ó fi lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, tí ó sì wá di jagunjagun. Chaliapin, olóhùn ńlá nì, ni ó ṣe Ilya. Ohùn rẹ̀ pàápàá kò mú eré náà pẹ́ lórí ìtàgé.

Valentin ọmọ rẹ̀ kú ní 1911, kò tíì pé ẹni ọdún 47. Ní 1914 ìyá tẹ ìwé kan jáde. Orúkọ ọkọ àti ọmọ ni ó fi ṣe àkọlé rẹ̀. Inú ìwé yìí ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa Valentina fúnra rẹ̀ ti ń wá a, láàárín ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ó kú ní Moscow ní 1924.