James Churchwill Vaughan

James Churchwill Vaughan (1828–1893), tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń pè ní Church, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, oníṣòwò àti aṣáájú ìjọ. Ìlú Camden, ní ìpínlẹ̀ South Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ló ti lo nǹkan bí ogójì ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Òun ni baba ńlá ẹbí Vaughan ti Èkó. Ó sá kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta ènìyàn dúdú lọ́jà, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò tí ogun abẹ́lé ń kó ènìyàn lẹ́rú láti ìlú dé ìlú.

Àwọn òbí rẹ̀

Baba rẹ̀, Scipio Vaughan, jẹ́ ẹrú oníṣòwò aláwọ̀ funfun kan tí ń jẹ́ Wylie Vaughan. Orúkọ ọ̀gá yìí ni Scipio àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nígbà náà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni Scipio, ó sì di òmìnira lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀. Maria Conway ni orúkọ ìyá Church. Ọmọ Bonds Conway ni, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti ra ara rẹ̀ padà lóko ẹrú ní 1793. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé lábẹ́ òfin South Carolina, ipò ìyá ni ọmọ ń jogún. Nítorí náà, òmìnira ni Church láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Òmìnira náà kò tó nǹkan. Láti 1820, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà nìkan ló lè sọ ẹrú di òmìnira. Ní 1822, òfin mìíràn sọ pé kí gbogbo ọkùnrin dúdú tó jẹ́ òmìnira ní alágbàtọ́ aláwọ̀ funfun, àti pé ẹni tó bá jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ padà. Ní 1834, wọ́n ka kíkọ́ aláwọ̀ dúdú ní ìwé léèwọ̀. Nígbà tí Scipio fẹ́ kú ní 1840, ẹbí rẹ̀ sọ pé ó rọ àwọn ọmọ rẹ̀ láti padà sí Áfíríkà. Church kò ju ọmọ ọdún 12 lọ nígbà náà.

Láti Liberia dé Ìjàyè

Ní ìparí 1852, Church wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liberia lábẹ́ ẹgbẹ́ American Colonization Society. Lójú òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá jáde ti jáde nìyẹn. Kò pẹ́ ní Liberia rárá. Ní 1855, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà gbà á síṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà láti bá wọn kọ́ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé ìjọ yìí kan náà ló yapa kúrò lára àwọn ará rẹ̀ ti àríwá Amẹ́ríkà ní 1845, nítorí pé ó fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì. Owó irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni Church ń gbà.

Ìjàyè, ìlú Ààrẹ Kúrunmí, ló fi ṣe ibùgbé. Lẹ́yìn tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù gẹ́gẹ́ bí Aláàfin, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìyàn mú ní Ìjàyè gidigidi. Church, tó mọ ìbọn yìn, jà fún ìlú tó gbà á. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Ọwọ́ ọ̀tá tẹ Church fúnra rẹ̀ nínú ogun náà. Ẹni tí wọn kò fi ṣe ẹrú rí ní South Carolina fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrú ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì gba Abẹ́òkúta lọ.

Ogun mìíràn ń lọ ní Amẹ́ríkà láti 1861. Owó tí àwọn Onítẹ̀bọmi ń fi ránṣẹ́ sí Áfíríkà dínkù gan-an, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbí sì ní láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn fúnra wọn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1867, ìdàrúdàpọ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fọ́ ilé ìjọsìn. Church tún di ẹrù rẹ̀, ó kọjú sí Èkó.

Èkó

Èkó ti di ìlú abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861. Sàró àti Àgùdà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti òkè òkun padà sí ibẹ̀; Church kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń ta ohun èlò ìkọ́lé, òwò náà sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Sarah Ọmọ́táyọ̀, fi ọwọ́ pàtàkì mú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ohun tí a mọ̀ ọ́n sí jù lọ ní Èkó ṣẹlẹ̀ ní 1888. Míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun tó ń darí ìjọ Onítẹ̀bọmi, W. J. David, yọ olùṣọ́-àgùntàn Moses Ládẹ̀jọ Stone lẹ́nu iṣẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ lọ ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ bínú jáde, Church sì wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀, Native Baptist Church, tó wá di Ebenezer, wà lára àwọn ìjọ àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà ń darí fúnra wọn ní ilẹ̀ yìí. Mojọlá Agbébí, tó ń jẹ́ David Vincent nígbà náà, wà pẹ̀lú wọn.

Church kú ní Èkó ní 1893. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ orúkọ rẹ̀, Dókítà J. C. Vaughan, tó kàwé ìṣègùn ní Glasgow, tó sì wà lára àwọn tó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934. Nínú ẹbí yìí náà ni Kòfowórọlá Adémọ́lá ti wá, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba oyè ní Yunifásítì Oxford.

Ìtàn orírun Scipio

Ẹ̀ka ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà àti èyí tó wà ní Nàìjíríà kò gbàgbé ara wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1975, Era Bell Thompson kọ ìtàn wọn sínú ìwé ìròyìn Ebony. Jewel LaFontant, agbẹjọ́rò pàtàkì nínú ìjọba Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka ti ọ̀hún. Ìtàn tí ẹbí ń sọ ni pé Ẹ̀gbá láti Abẹ́òkúta ni Scipio, pé wọ́n jí i gbé ní nǹkan bí 1805, pé ó kọ ilà sójú, àti pé Church rí àwọn tó kọ irú ilà bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n tún ní ọmọ ẹ̀yà Cherokee ni Maria.

Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti kọsẹ̀. Ní 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Ẹni tí wọ́n jí gbé ní 1805 kò lè ti ibẹ̀ wá. Ogun tó kó Yorùbá lọ́pọ̀ yanturu lọ sóko ẹrú kò tíì gbóná nígbà náà, Amẹ́ríkà sì ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun ní 1808. Òpìtàn Lisa Lindsay ti Yunifásítì North Carolina tú ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ìpíngún àti lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì wò fún ìwé rẹ̀, Atlantic Bonds, tó jáde ní 2017. Èrò rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe jù pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Scipio sí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí olóòlà tí ì bá kọ ilà fún un níbẹ̀.

Síbẹ̀, a kò lè ka ìtàn ẹbí náà sí irọ́ lásán. Òótọ́ ni pé Church dé ilẹ̀ Yorùbá, ó sì jọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí ìrìn-àjò baba wọn jẹ́ ìpadàbọ̀ ọmọ sílé, kó má jẹ́ ti àlejò tó ń wá ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kó sinmi. Ní ti Maria, ilé baba rẹ̀, Bonds Conway, ṣì wà ní Camden títí dòní, ẹgbẹ́ òpìtàn ìlú náà sì ń tọ́jú rẹ̀.